Ẹ̀rọ Ọlọ́wọ́ Òsì

Bí mo bá ń lọ ra ẹ̀rọ ìpanu, ìyẹ̀fun pípò ni mo kọ́kọ́ ń wé sínú ewé kí n tó wọ bàtà. Àwọn tó ń ta irin ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí nígbà kan pé ṣé oúnjẹ ọ̀sán mi ni mo gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. Mo ní rárá, ti ẹ̀rọ rẹ̀ ni. N kì í fẹ́ àlàyé gígùn. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún mi, kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ ìyẹ̀fun mi lójú mi. Bí ó bá kọ̀, mo mọ ọ̀nà ilé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní ìgbéraga. Kò burú, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gbéra ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò bí ìwà yìí mọ́ mi. Èmi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ rà á ní Múṣin, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun ní Súrùlérè, tí àwọn bíríkìlà àdúgbò wa máa ń jí lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àṣìṣe kan la ṣe, irú èyí tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ilé nìkan ló lè ṣe é. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kò ní ṣe é láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá wa kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí n kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Èkó lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nígbà náà, ó sì ní kí wọ́n gbé mi wá bá òun. Ọkọ náà kò pẹ́ láyé. Ó fi àwa méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá kan ní ilé ìyá àgbà kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ Múṣin gan-an, tí a ń pè ní Màmá Onílé. Àwọn ènìyàn wá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ọkọ mìíràn títí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ti tó òun ní ọkọ. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn tó dára ju ìyẹn lọ.

Ṣin-ṣin ni à ń ṣe. Òun ló ń po fúláwà mọ́ bọ́tà àti ṣúgà, òun ló sì ń fi ìgò bíà òfìfo yí i títí yóò fi tẹ́ pẹlẹbẹ lórí tábìlì. Èmi ló ń dín in nínú àgbàlá lẹ́yìn ilé, nítorí ojú mi gba èéfín ju tirẹ̀ lọ, ojú mi sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé e kúrò lórí iná. Iwájú ilé ni tábìlì wà, létí ọ̀nà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà kí a gbé e wọlé. Ó ní ẹni tó fẹ́ jẹ oúnjẹ òun gbọ́dọ̀ rí i bí òun ṣe ń ṣe é, kí ó má baà lọ máa rò ó. Bí àwọn bíríkìlà bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á dúró wò ó díẹ̀, wọ́n á rà, a ó sì fi èènì sí i fún wọn. Àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó náà ń rán ènìyàn wá kó o, agolo agolo. Ọjà wa kò kú rí.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní alaalẹ́, ó sì ń gbóná. Mo ń fi àdín ra á, mo ń fi aṣọ dì í, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ìgò ni yóò tún gbé. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa wò ó, ó ní àfi kí ó sinmi ọwọ́ náà pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Nígbà tí a jáde, ó ní ọkùnrin náà gbọ́n púpọ̀, àfi bí kò ṣe sọ ẹsẹ̀ tí òun yóò fi máa yí fúláwà.

Mo ní kí ó jókòó, kí n máa yí i, kí n sì máa dín in. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní òun kò wá sí Èkó wá jókòó. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́jọ́ kejì, ó kàn gbé ìgò rẹ̀ ni. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà mọ̀ pé bí ẹnìkan bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìjà ni.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá wa ti dé. Ìbátan wa kan tó ń wa lọ́rì láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èkó ló gbé e wá. Bàbá ní òun ti gbọ́ nípa ọwọ́ náà. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ kò ní ohun tí ó ń ṣe ní Èkó, àfi kí ó máa wo ilé olówó kiri. Wọ́n ti tún yàrá kan ṣe fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó arákùnrin wa. Bí ó bá di ọdún Kérésìmesì tí ọwọ́ kò bá tíì san, kí ó bá lọ́rì náà padà wálé.

Bàbá kò sọ ọ́ láti fi ìyà jẹ ẹ́. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ìbátan wa ń jíṣẹ́ náà. Obìnrin tó ń bọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà èwe, tó ń bọ́ èmi náà, ni kí ó lọ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ máa bu oúnjẹ fún un. Ẹ̀rù bà mí. Inú sì bí mi pẹ̀lú, n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kò síbi tí ó ń lọ, ẹ̀rọ ni a ó rà.

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì. Irin róbótó méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Bí ènìyàn bá ti ìyẹ̀fun bọ àárín wọn, tí ó sì ń fi ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yí i, ìyẹ̀fun á jáde ní òdìkejì ní pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò sí ìgò, kò sí fífi ọrùn ọwọ́ tẹ nǹkan. Ó ti kàn wá láti kó èsúsú, ẹ̀gbọ́n mi sì ní inú òun kò lè dùn sí i ju báyìí lọ.

A lọ sí Yábà, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ojú irin rélùwéè. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà sanra, ó sì ń fi aṣọ nu àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ fi hàn wá. Ó fa okùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà kígbe, èéfín epo bẹntiróòlù sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn bo imú, ó ní tí wọ́n bá jẹ ṣin-ṣin òun báyìí, wọ́n á rò pé bọ́ọ̀sì ni àwọn jẹ. Ọ̀gá ní kò burú, èyí tó ń lo iná mànàmáná wà, kì í mú èéfín wá. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá iná yẹn yóò tẹ̀lé ẹ̀rọ náà dé Múṣin, nítorí fìtílà la ṣì ń tàn nílé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú wa dé ibi àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí.

Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ọ̀pá rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Èkejì wà ní kọ̀rọ̀ lábẹ́ àpò, ó dúdú fún gírísì, ọ̀pá rẹ̀ sì wà lápá òsì. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní oníbúrẹ́dì kan tó ń lo ọwọ́ òsì ló ni ín tẹ́lẹ̀, òun ló mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ kí wọ́n yí ọ̀pá rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ náà le ju tuntun lọ, irin rẹ̀ kì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ òun, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló ń fi í sílẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti gba kádàrá.

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti kúnlẹ̀ tì í. Mo yí i wò, ó yí rẹ́gí. Mo ní èyí ni ti wa. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ló ń dùn ún, òsì rẹ̀ le bí igi. Kí ni a tún ń wá? Mo sọ ọ́ sókè, lójú ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù àti àwọn oníbàárà méjì tí n kò mọ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ó ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ṣé oúnjẹ tí mo fẹ́ tà fún ọmọ ọlọ́mọ ni kí n wá máa fi òsì ṣe, létí títì?"

"Irin lẹ fẹ́ fi yí, Àǹtí mi. Ẹ ò fi kan oúnjẹ."

"Ta ló máa dúró gbọ́ ìyẹn? Òsì ni wọ́n máa rí."

Mo mọ̀ pé kò purọ́. Wọ́n nà mí rí nítorí pé mo fi òsì gba ẹran lọ́wọ́ àgbà. Ní ilé Màmá Onílé pàápàá, níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé òsì ni wọ́n fi ń ṣe ìmọ́tótó, bí ọmọdé bá na òsì sí abọ́, gbogbo ilé ni yóò pariwo lé e lórí. Síbẹ̀, inú mi kò gbà á. Mo bá a jiyàn pé ọwọ́ tó ń dùn ún ni ó fẹ́ gbé lọ sí orí ẹ̀rọ tuntun, pé ìgò kàn di irin ni, ìyà náà ni. Ó lọ bá ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú, ó yí i. Kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ó yí i, ó tún yí i, ó yíjú sí mi, ó ní, "Kò dùn mí."

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní Ìyá sọ òtítọ́, ohun tó tọ́ ni ohun tó tọ́. A san owó. Ọlọ́mọlanke kan bá wa gbé e dé Múṣin, àwa sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. N kò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń bá ọlọ́mọlanke náà sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ó ń sọ fún un pé àbúrò òun kan wà tó máa ń wú ẹnu bí pọfupọ́ọ̀fù bí wọn kò bá ṣe ti inú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà mú èrò wá. Gbogbo ilé jáde wò ó, àwọn ọmọ ilé-ìwé dúró tì wá títí aago ilé-ìwé fi lù. Màmá Onílé gan-an gbé ẹní rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó wúre fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti po fúláwà sílẹ̀. Ó ti apá kan rẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó yí i, ìyẹ̀fun sì jáde pẹlẹbẹ ní òdìkejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo rí ní tèmi ni bí ó ṣe fi eyín di ètè, nítorí ọ̀pá tó fúyẹ́ ní Yábà ti wúwo ní Múṣin. Ìyẹ̀fun kì í jẹ́ kí irin lọ láìjà. Mo gbé àwo èyí tí ó kọ́kọ́ gé, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sídìí iná mi. Mo ti sọ tèmi, kò kù síbì kan.

Láti ọjọ́ náà ni ọjà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣe é. Ṣin-ṣin náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dọ́gba, ó jinná bákan náà, ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àwo jáde sí iwájú ilé, mo ń bá ti àná níbẹ̀. Àwọn bíríkìlà ń kí wa, wọ́n ń kọjá. Ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà wa láti ọjọ́ pípẹ́ gbé abọ́ rẹ̀ wá, ó dúró wo ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Kò padà wá. Mo rò pé ẹ̀rọ ni wọn kò fẹ́, pé wọ́n rò pé irin ń wọ inú oúnjẹ. Mo wá ń gbé èènì fún wọn kí wọ́n tó rà rárá, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò, ẹnu ló mọ òtítọ́. Wọ́n ń gba èènì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń dì í mọ́wọ́, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n sì ń lọ.

Ọrùn ọwọ́ náà tún wú ju ti ìgbà ìgò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àdín ra ọwọ́ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọdún ń sún mọ́. Mo wọ yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a tí ó ṣí àpótí rẹ̀, tí ó ń ká ìró sínú rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní kòkòrò ni òun ń wò. N kò rí kòkòrò kankan. Ìró tó mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lórí gbogbo rẹ̀, èyí tí kì í wọ̀ ní Èkó. Mo jáde, mo lọ sídìí iná, mo sì sunkún nínú èéfín, kí ó lè jẹ́ pé èéfín ni.

Ọjọ́ kejì ni Màmá Onílé pè mí. Ó jókòó sí ibi tí ó máa ń jókòó, lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ní òdìkejì tábìlì wa. Mo ní mo wà nídìí òróró. Ó ní kí n fi òróró sílẹ̀.

"Ìwọ tí ẹnu rẹ mú yìí," ó ní, "jókòó tì mí níbí, kí o wo ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo jókòó. Láti ìgbà tí a ti ra ẹ̀rọ náà, n kò tíì jókòó níbẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà, bí mo bá sì gbé àwo jáde, àwo ni mo máa ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé a ń wo òun.

"Ọwọ́ wo ló fi ń yí irin?" Màmá bi mí.

"Ọ̀tún ni, Màmá."

"Èwo ló fi ń gba oúnjẹ?"

Mo wò. Ìyẹ̀fun ń jáde láti inú ẹ̀rọ, rírọ̀ àti gígùn, bí wọn kò bá sì gbà á, yóò ká lé ara rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ọ̀pá. Òsì ló nà sábẹ́ ìyẹ̀fun náà, tí ó fi gbà á, tí ó fi tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tí ó fi ń pa ojú rẹ̀ mọ́ jẹ́jẹ́. Létí títì, lójú gbogbo ayé, òsì ló fi ń gbá oúnjẹ àwọn ènìyàn mú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Màmá Onílé ní òun ti ń retí kí a rí i fúnra wa, nítorí kò dára kí ènìyàn dójú ti obìnrin nídìí ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí i pé a ti fẹ́ kó ẹrù. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n mi fi dá ọwọ́ dúró tó sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Mo dìde, mo lọ bá a, mo sì sọ ọ́ fún un létí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú rẹ̀, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Fúláwà kún òsì dé ọrùn ọwọ́. Ọ̀tún mọ́ tónítóní.

"A sá fún òsì lórí irin," ó ní, "a wá gbé oúnjẹ lé e lọ́wọ́."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó gé ìyẹ̀fun díẹ̀ lára èyí tó wà nílẹ̀, ó já ewé, ó wé e, ó sì ní kí n lọ pe ọlọ́mọlanke.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ó ní ẹni tó bá ti gbé aṣọ kúrò ní ọjà ti gbé e kúrò. Mo dá a lóhùn, mo sì dá a lóhùn dáadáa, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò dúró tì wá. Ó ti lọ sí kọ̀rọ̀, ó ti ṣí àpò kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ó ti fi aṣọ nu irin rẹ̀ mọ́, ó sì ti tú ewé. Ó fi ọ̀tún ti ìyẹ̀fun bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ó fi òsì yí i. Òsì rẹ̀ tí ó le bí igi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà nínú irin. Nígbà tí ìyẹ̀fun jáde ní òdìkejì, ọ̀tún ló gbà á, tí ó fi tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì fúyẹ́ lé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun. Èmi àti ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù dẹ́kun ariwo wa. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní láti sọ fún mi pé kò dun òun, mo rí i lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbà láti ṣe pàṣípààrọ̀. Kò ṣòro fún un mọ́. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé yóò rí ẹni rà á, ti kọ̀rọ̀ ni kò ní rí. Nígbà tí ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ̀gbọ́n mi béèrè èènì. Ó ní tuntun ni a gbé wá, àtijọ́ ni a ń gbé lọ, èènì wa dà? Ọ̀gá fi agolo gírísì kan sí i, ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Ó fi abẹ kan tó ní eyín púpọ̀ sí i, èyí tí wọ́n fi ń gé ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀ ọ̀já. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀tún gbà á.

Nílé, ó ní kí a kọ ojú ẹ̀rọ náà sí títì, kí ibi tí ìyẹ̀fun ti ń jáde wà níwájú àwọn oníbàárà. Ó fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ tó ń gbà á. Wọ́n rí i. Àwọn bíríkìlà ló kọ́kọ́ padà, ebi kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ bínú. Ìyá tó gbàgbé nǹkan sílé náà rántí ibi tó gbé e sí. Ọkùnrin kan wà tó dúró, tó ń kùn pé òun rí òsì lórí ọ̀pá. Màmá Onílé gbójú sókè kúrò lórí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Irin ni òsì rẹ̀ ń yí," ó ní. "Ṣé irin lo fẹ́ jẹ ni?"

Ọkùnrin náà ra ṣin-ṣin.

Láti ìgbà náà ni n kì í ti í yí ẹ̀rọ òfìfo wò. Ẹ̀rọ òfìfo a máa fúyẹ́ fún gbogbo ọwọ́, ọ̀pá rẹ̀ kì í sì í sọ ẹni tí yóò gba oúnjẹ. Mo ti ra ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó tóbi, àwọn tó ń lo iná nígbà tí iná dé, kò sì sí ọ̀kan tí mo kábàámọ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Gbogbo wa la mọ òwe náà ní ọjọ́ tí a lọ sí Yábà. A kàn gbàgbé láti mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a ṣe ọdún, ìbátan wa gbé lọ́rì rẹ̀ dúró níwájú ilé. Àbúrò ẹ̀gbọ́n mi ni nínú ẹbí, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì béèrè pé níbo ni ẹrù Ẹ̀gbọ́n wà kí òun gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó wà níbí. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbé agolo ṣin-ṣin ńlá kan jáde, ó kún dé ẹnu, ó sì nà án sí i. Mo ń wo ọrùn ọwọ́ náà. Kò wú mọ́.

Ìbátan wa gba agolo náà, ó ń wo inú ilé bóyá àpótí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí àpótí.

"Sọ fún Bàbá pé ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Èwo nínú wọn ni kí n sọ, Ẹ̀gbọ́n?"

"Méjèèjì."